Bí A Ṣe Ń Lọ Wo Ibi Ìṣẹ̀ǹbáyé Pẹ̀lú Amọ̀nà Nígbà Tí A Bá Ń Gbé Lókè Òkun

Ẹni tó ń gbé lókè òkun ní ohun méjì tí àlejò ọlọ́jọ́ mẹ́ta kò ní: àyè láti yan ọjọ́, àti ìwé ìgbélùú. Àlejò ní láti wo Colosseum, pápá ìjà àtijọ́ tó wà ní Róòmù, ní ọjọ́ Àbámẹ́ta nínú oṣù Keje nítorí pé ọkọ̀ òfuurufú rẹ̀ máa gbéra ní ọjọ́ Ajé. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Róòmù, tàbí tí ẹ lè wọ ọkọ̀ ojú irin débẹ̀, lè lọ ní Ọjọ́rú kan nínú oṣù Kìíní, nígbà tí ìlà kúrú, tí oòrùn kò mú, tí amọ̀nà sì ráyè dáhùn ìbéèrè. Ó dunni pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ní irú àǹfààní yìí ṣì máa ń lọ bí ẹni tí wọ́n ń lé: wọ́n á ra tíkẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ tí wọ́n rí, wọ́n á tẹ̀ lé ọ̀wọ́ èèyàn àádọ́ta, wọ́n á sì padà sílé láìwọ ibi tí wọ́n tìtorí rẹ̀ lọ. Bí ẹ ṣe lè ṣe é lọ́nà tó dáa ló wà nísàlẹ̀ yìí.

1. Ẹ yẹ ìwé yín wò kí ẹ tó sanwó fún ohunkóhun

Bí ibi tí ẹ fẹ́ lọ wò bá wà nínú orílẹ̀-èdè tí ẹ ń gbé, ẹ lè fo apá yìí. Bí ẹ bá máa kọjá ẹnubodè, ẹ fara balẹ̀ kà á, torí pé ìgbà tí èèyàn bá ń padà bọ̀ ni wàhálà máa ń ṣẹlẹ̀ jù.

Bí orílẹ̀-èdè kan nínú agbègbè Schengen (àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó ṣí ẹnubodè sí ara wọn) bá fún yín ní ìwé ìgbélùú, ẹ lè mú un pẹ̀lú pásípọ́ọ̀tù yín lọ sí àwọn orílẹ̀-èdè Schengen yòókù láìgba físà míì, bí ẹ kò bá ti lò ju 90 ọjọ́ lọ láàárín 180 ọjọ́. Ẹni tó ń gbé ní Jámánì lè tipa bẹ́ẹ̀ lọ wo Pompeii, ìlú àtijọ́ kan ní Ítálì, tàbí Acropolis, àpáta tí àwọn tẹ́ńpìlì àtijọ́ wà lórí rẹ̀ ní Áténì ní Gíríìsì. Bíríténì àti Ireland kò sí lára Schengen. Ìwé ìgbélùú ibẹ̀ kò lè ṣí ẹnubodè Ítálì fún yín. Bí pásípọ́ọ̀tù yín bá jẹ́ èyí tí wọ́n ń béèrè físà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, ẹ gbọ́dọ̀ gbà á. Wọ́n ń gba ìwé ìbéèrè físà Schengen láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn àjò, ó sì pẹ́ tán, kó ku ọjọ́ 15. Ẹ má fi ọjọ́ 15 yẹn ṣe ìṣirò. Kéèyàn tó rí ọjọ́ tí wọ́n á pè é fún àyẹ̀wò lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan, pàápàá nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn wọn bá ń bọ̀. Pásípọ́ọ̀tù náà kò gbọ́dọ̀ tíì pé ọdún mẹ́wàá tí wọ́n ti ṣe é, ó gbọ́dọ̀ ṣì lágbára fún oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ máa kúrò níbẹ̀, kí ojú ewé méjì sì ṣófo nínú rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú físà F-1 ní láti jẹ́ kí òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè ní ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ fọwọ́ sí ìwé I-20 (ìwé ẹ̀rí akẹ́kọ̀ọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ fún un) kó tó jáde. Ọdún kan ni ìfọwọ́sí yẹn ń lò fún ẹni tó ṣì wà lẹ́nu ẹ̀kọ́, oṣù mẹ́fà sì ni fún ẹni tó ti jáde tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ OPT, ìyẹn àyè iṣẹ́ tí wọ́n ń fún akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́yìn ẹ̀kọ́. Ẹ tún wo físà inú pásípọ́ọ̀tù fúnra rẹ̀. Bó bá ti kú, ìfọwọ́sí yẹn nìkan kò ní mú yín wọlé padà.

Bí ìwé ìgbélùú yín bá wà lẹ́nu àtúnṣe, tó jẹ́ pé ìwé tó fi hàn pé ẹ ti béèrè fún òmíràn nìkan ló wà lọ́wọ́ yín, ẹ kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ ọ́fíìsì tó ń bójú tó àwọn àjèjì bóyá ẹ lè fi ìwé yẹn wọlé padà, kí ẹ sì gba èsì náà ní kíkọ. Bí èsì kò bá tíì dé, ẹ lọ wo ohun tó wà láàárín orílẹ̀-èdè náà ní tiyín. Kò síbi tí kò ní ohun àtijọ́.

2. Ẹ yan ọjọ́ àti wákàtí

Kí ẹ kọ́kọ́ mọ ọjọ́ tí ibẹ̀ máa ń tì. Taj Mahal máa ń tì ní ọjọ́ Ẹtì. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Vatican máa ń tì ní ọjọ́ Àìkú, àfi èyí tó gbẹ̀yìn oṣù. Louvre ní Paris máa ń tì ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ojú ìkànnì ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ ti wò ó, ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé ohun tí máàpù orí fóònù sọ.

Ọjọ́ ọ̀fẹ́ wà. Ní Ítálì, ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù ni wọ́n ń wọ ibi ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba lọ́fẹ̀ẹ́, títí kan Colosseum àti Pompeii. Ní Gíríìsì, ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ láti oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹta ni. Èrò tiwa ni pé kí ẹ má ṣe gba amọ̀nà ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ìlà á gùn, ariwo á pọ̀, kò sì síbi tí èèyàn á ti dúró gbọ́rọ̀. Ẹ fi ọjọ́ ọ̀fẹ́ sílẹ̀ fún ìgbà kejì, nígbà tí ẹ bá ti mọ ohun tí ẹ ń wò.

Nínú ooru, wákàtí àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣílẹ̀kùn ló dáa jù. Orí àpáta gbalasa ni Acropolis wà, ibòji díẹ̀ ló wà níbẹ̀, òkúta tó ń dán sì ń dá oòrùn padà sójú èèyàn. Nígbà tí ooru bá ti kọjá àlà nínú oṣù Kẹfà àti Keje, ìjọba máa ń ti ibẹ̀ láti ọ̀sán títí di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ẹni tó bá sì ti ra wákàtí ọ̀sán nìyẹn. Ní ìgbà òtútù, òdì kejì rẹ̀ ni ìṣòro: ilẹ̀ tètè ń ṣú, wọ́n tètè ń tì, ní ọ̀pọ̀ ibi sì rèé, ó kéré tán wákàtí kan kí wọ́n tó tì ni wọn kì í gba ẹnikẹ́ni wọlé mọ́. Bí ìrìn pẹ̀lú amọ̀nà bá jẹ́ wákàtí mẹ́ta, ẹ kà á sẹ́yìn láti ìgbà tí wọ́n ń tì kí ẹ tó yan wákàtí.

Ọjọ́ méjì kan wà ní Yúróòpù tí ó máa ń da èèyàn láàmú: ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù Kẹta àti èyí tó gbẹ̀yìn oṣù Kẹwàá, tí wọ́n ń yí aago síwájú tàbí sẹ́yìn. Fóònù máa ń yí tiẹ̀ fúnra rẹ̀. Aago ọwọ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

3. Ẹ mọ tíkẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó wá amọ̀nà

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Wọ́n á rí ìpolówó ìrìn àbẹ̀wò kan tó dára lójú, wọ́n á sanwó, ìgbà tí wọ́n bá débẹ̀ ni wọ́n á tó mọ̀ pé tíkẹ́ẹ̀tì tó wà nínú owó náà kò dé ibi tí wọ́n ń fẹ́. Bó ṣe yẹ kó tẹ̀ léra nìyí: ohun tí ẹ fẹ́ rí ló ṣáájú, tíkẹ́ẹ̀tì tó dé ibẹ̀ ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni amọ̀nà tó ń lo tíkẹ́ẹ̀tì yẹn.

Ẹ wo bí ó ṣe rí ní àwọn ibi ńlá:

- Colosseum: tíkẹ́ẹ̀tì lásán ń mú yín dé àwọn àjà ìjókòó, ó sì tún wúlò fún Forum (gbàgede Róòmù àtijọ́) àti òkè Palatine tó wà nítòsí rẹ̀. Kò mú yín dé ojú pápá ìjà, kò sì mú yín wọ abẹ́ ilẹ̀ níbi tí wọ́n ń kó ẹranko àti àwọn oníjà sí. Tíkẹ́ẹ̀tì tiwọn lọ́tọ̀ ni, oṣù kan ṣáájú ni wọ́n ń tà á, ó sì máa ń tètè tán.
- Giza ní Íjíbítì: owó ẹnu ọ̀nà kò kan inú píráḿíìdì ńlá Khufu. Ọ̀nà tó gòkè lọ nínú rẹ̀ kò ga ju mítà kan àti díẹ̀ lọ, ìbẹ̀rẹ̀ ni èèyàn á fi gùn ún, ó sì móoru. Ẹni tí ibi híhá ń bà lẹ́rù tàbí tí orúnkún ń dùn kó má ra á.
- Àfonífojì Àwọn Ọba ní Luxor, ní Íjíbítì kan náà: tíkẹ́ẹ̀tì kan jẹ́ fún ibojì mẹ́ta. Ti Tutankhamun àti ti Seti Kìíní, owó tiwọn lọ́tọ̀ ni.
- Machu Picchu, ìlú àtijọ́ orí òkè ní Peru: láti ọdún 2024, ipa ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n pín in sí, èyí tí ẹ bá rà ni ẹ máa rìn. Ipa ọ̀nà kìíní ń wo ìlú náà látòkè, kò wọ àárín rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wọ àárín àwọn ilé náà kó mú ìkejì.
- Alhambra, ààfin olódi ní Granada ní Sípéènì: wákàtí tó wà lára tíkẹ́ẹ̀tì jẹ́ ti ààfin àwọn ọba Nasrid. Ẹ lè rìn nínú ọgbà nígbà míì, àmọ́ bí wákàtí ààfin bá ti kọjá, wọn ò ní jẹ́ kí ẹ wọ inú ibẹ̀.

Gbèdéke ti wà lórí iye èèyàn báyìí. Acropolis fi tirẹ̀ sí 20,000 lójúmọ́ ní ọdún 2023. Pompeii mú iye kan náà ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024. Orúkọ sì ti wà lára tíkẹ́ẹ̀tì ní Colosseum, Pompeii, Alhambra àti Machu Picchu, wọ́n sì lè fi wé ìwé ìdánimọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ kọ orúkọ yín bó ṣe wà nínú pásípọ́ọ̀tù, bí orúkọ ìdílé bá ṣáájú níbẹ̀, kó ṣáájú nínú àyè tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un. Ẹ má kọ ìnagijẹ. Ìwé ìdánimọ̀ gidi ni kí ẹ mú lọ. Àwòrán rẹ̀ lórí fóònù kì í tó ní gbogbo ibi.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀dínwó ni ìwé ìgbélùú ti ń sanwó ara rẹ̀. Ní Faransé, àwọn ibi ìrántí tí ìjọba orílẹ̀-èdè ń bójú tó jẹ́ ọ̀fẹ́ fún ẹni ọdún 18 sí 25 tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ European Union, àti fún àjèjì ẹni ọdún kan náà tó ń gbé ní Faransé lábẹ́ òfin. Pásípọ́ọ̀tù nìkan kò ní fi yẹn hàn, ẹ mú káàdì ìgbélùú dání. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó bá di ọmọ ẹgbẹ́ English Heritage, àjọ tó ń bójú tó àwọn ibi ìṣẹ̀ǹbáyé níbẹ̀, fún ọdún kan lè wọ ibi tó lé ní 400 láìsanwó ẹnu ọ̀nà, Stonehenge wà lára wọn. Bí ẹ bá máa lọ ju ibi mẹ́ta sí mẹ́rin lọ lọ́dún, ó sàn ju ríra ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní Íjíbítì, káàdì akẹ́kọ̀ọ́ ń gé owó náà sí ìdajì. Ní Ítálì, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 kì í sanwó ní ibi ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba, ibi yòówù kó ti wá, ṣùgbọ́n ní Colosseum ẹ ṣì gbọ́dọ̀ gba tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́ náà sílẹ̀ ní orúkọ rẹ̀. Òbí tó bá rò pé ọ̀fẹ́ túmọ̀ sí kí ọmọ ṣáà wọlé lè dúró síta pẹ̀lú ọmọ náà.

Ilé iṣẹ́ tó ń ṣètò ìrìn àbẹ̀wò sábà máa ń fi owó tíkẹ́ẹ̀tì àgbà sínú iye tí wọ́n dá. Bí ẹ bá ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀dínwó tàbí ọ̀fẹ́, ẹ ní kí wọ́n yọ tíkẹ́ẹ̀tì kúrò nínú owó yín kí ẹ sì ra tiyín, ní wákàtí kan náà pẹ̀lú tiwọn. Àwọn kan máa gbà, àwọn kan kò ní gbà. Ó dáa kéèyàn béèrè.

4. Yíyan amọ̀nà

Amọ̀nà tó mọ iṣẹ́ máa ń jẹ́ kí òkúta tó wó lulẹ̀ di ilé lójú yín. Amọ̀nà tí kò mọ̀ ọ́n máa ń ka ọdún àti orúkọ ọba. Nítorí náà, ibí yìí ni ó yẹ kí ẹ ti lo àkókò jù lọ.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ojú ìkànnì ibi ìṣẹ̀ǹbáyé náà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní amọ̀nà tiwọn, owó rẹ̀ kì í pọ̀, ó sì máa ń dé ibi tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í ṣí fún gbogbo èèyàn. Àléébù rẹ̀ ni pé èdè díẹ̀ ni wọ́n ń fi ṣe é. Lẹ́yìn èyí ni ilé iṣẹ́ arìnrìn-àjò, tí ń kó ọ̀pọ̀ èèyàn jọ, àti amọ̀nà aládàáni tó ní ìwé àṣẹ, tí ẹ̀yin àti ìdílé yín tàbí ọ̀rẹ́ mẹ́fà lè pín owó rẹ̀. Bí ẹ bá tó márùn-ún tàbí mẹ́fà, ẹ fi owó aládàáni wé ti ọ̀wọ́ ńlá kí ẹ tó pinnu; ìyàtọ̀ rẹ̀ lè má tó bí ẹ ṣe rò. Ìrìn tí wọ́n ń pè ní ọ̀fẹ́, tí ẹ máa fún amọ̀nà ní ohun tó wù yín nígbẹ̀yìn, dáa fún rírìn kiri ìlú. Ìta ló sábà máa ń parí sí, kì í wọ inú ibi tí wọ́n ti ń gba tíkẹ́ẹ̀tì.

Ìwé àṣẹ ṣe pàtàkì. Ní Gíríìsì, amọ̀nà tó ní ìwé àṣẹ nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́ láti máa ṣàlàyé fún èrò nínú ibi ìṣẹ̀ǹbáyé. Ítálì àti Faransé náà ní káàdì iṣẹ́ fún amọ̀nà. Ní Bíríténì, báàjì aláwọ̀ búlúù tí wọ́n ń pè ní Blue Badge ni àmì ẹni tó ti kọ́ ọ tó sì yege. Japan ní tirẹ̀ ti gbà láti ọdún 2018 pé kí ẹni tí kò ní ìwé àṣẹ náà máa ṣe iṣẹ́ yìí gbowó, nítorí náà níbẹ̀, ohun tí àwọn tó ti bá a rìn sọ ni kí ẹ kà dáadáa. Níbi tí òfin ti béèrè ìwé àṣẹ, ẹ̀ṣọ́ lè dá amọ̀nà tí kò ní in dúró láàárín ìrìn, ẹ̀yin lẹ máa pàdánù.

Iye èèyàn inú ọ̀wọ́ ló tẹ̀ lé e. Tó bá ti ju 15 lọ, ìbéèrè ò ní rọrùn mọ́. Tó bá lé ní 25, ẹ̀yin tó wà lẹ́yìn á dé ibi tí wọ́n ń ṣàlàyé nígbà tí àlàyé bá ti ń parí lọ, kódà pẹ̀lú íápíìsì. Ẹ̀rọ íápíìsì yẹn rọrùn: amọ̀nà ń sọ̀rọ̀ sínú tirẹ̀, ẹ̀yin ń gbọ́ ọ ní etí kan. Ẹ dán an wò kí ẹ tó kúrò ní ibi ìpàdé, ẹ rí i pé nọ́ńbà ìkànnì tó wà lójú rẹ̀ bá ti àwọn yòókù mu, kí ẹ sì yí ohùn rẹ̀ sókè. Bí ohùn bá bẹ̀rẹ̀ sí í já, ẹ ti jìnnà jù tàbí ògiri ti wà láàárín yín. Ẹ yára tẹ̀ síwájú, torí ohun tó kàn ni kí ẹ má gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Àwọn ibì kan wà tí amọ̀nà kò gbọ́dọ̀ ti sọ̀rọ̀. Nínú Sistine Chapel ní Vatican, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni òfin, èèyàn kò sì gbọ́dọ̀ ya fọ́tò. Ìta ni wọ́n ti ń ṣàlàyé àwòrán àjà náà kí ọ̀wọ́ tó wọlé. Ní Àfonífojì Àwọn Ọba náà, ẹnu ọ̀nà ibojì ni àlàyé ń parí sí. Ní irú ibẹ̀, ẹ ya fọ́tò pátákó àlàyé tí amọ̀nà ń tọ́ka sí tàbí kí ẹ kọ ohun mẹ́ta tí ẹ fẹ́ fojú wá sínú ìwé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, bí ẹ bá wọlé tán, àwọ̀ àti àwòrán tó pọ̀ á mú yín gbàgbé.

Ìpolówó kan tó ń tan ọ̀pọ̀ jẹ ni èyí tó sọ pé ẹ ò ní tò rárá. Ìlà tíkẹ́ẹ̀tì nìkan ni wọ́n lè fò. Ibi àyẹ̀wò báàgì, gbogbo èèyàn ló ń tò ó, ó sì lè gba ìdajì wákàtí lọ́jọ́ tí èrò bá pọ̀.

Ẹ fi ìbéèrè wọ̀nyí ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ náà ní íméèlì kí ẹ tó sanwó, kí èsì lè wà lákọsílẹ̀:

1. Tíkẹ́ẹ̀tì wo gan-an ló wà nínú owó yìí, apá wo ló dé, apá wo ni kò dé?
2. Èèyàn mélòó ló lè pọ̀ jù nínú ọ̀wọ́ náà?
3. Ṣé amọ̀nà ní ìwé àṣẹ, èdè kan ṣoṣo ló sì máa sọ? Bí amọ̀nà bá ń sọ èdè méjì, ìdajì àkókò ni ẹ rà.
4. Wákàtí mélòó la máa lò nínú ibẹ̀, láìka ìrìn àti ìlà mọ́ ọn?
5. Ibo gan-an ni ibi ìpàdé, nọ́ńbà fóònù wo ni a lè pè láàárọ̀ ọjọ́ náà?
6. Títí di ìgbà wo ni a lè fagi lé e tàbí yí ọjọ́ rẹ̀ padà?

Ilé iṣẹ́ tí kò bá dáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́ tààràtà, ẹ fi sílẹ̀.

Bí ẹ bá ń kọ́ èdè ìlú tí ẹ wà, ẹ lè mú ìrìn tí wọ́n ń fi èdè náà ṣe ní ìgbà kejì tí ẹ bá lọ. Ìgbà àkọ́kọ́, ẹ mú èdè tí ẹ gbọ́ dáadáa. Ọ̀rọ̀ nípa òpó, àjà àti ìsìn àtijọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjà.

5. Sísanwó

Àwọn ojúlé tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ kejì máa ń ṣe ojú ìkànnì wọn kó jọ ti ìjọba, wọ́n sì máa ń sanwó kí Google lè gbé wọn sókè. Ẹ wo àdírẹ́sì náà ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ lè rí ìlínkì tòótọ́ lórí ìkànnì ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ibẹ̀. Àwọn tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì lójú títì nítòsí ẹnu ọ̀nà, ẹ má dá wọn lóhùn.

Bí ẹ bá ń fi káàdì sanwó ní orílẹ̀-èdè míì, tí ẹ̀rọ sì béèrè bóyá owó ilẹ̀ náà ni ẹ fẹ́ fi san án tàbí owó ibi tí báǹkì yín wà, ẹ mú owó ilẹ̀ náà. Èkejì sábà máa ń wọ́n jù, torí olówó ẹ̀rọ ló ń dá iye ìṣẹ́wó fúnra rẹ̀.

6. Ohun tí ẹ máa mú dání

Bàtà ni olórí. Òkúta Pompeii ní ipa kẹ̀kẹ́ ẹṣin tó ti jin sínú rẹ̀, mábù Acropolis sì ti dán nítorí ẹsẹ̀ tó ti gba orí rẹ̀. Bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ pẹlẹbẹ ń yọ̀ níbẹ̀ bí òjò bá rọ̀ díẹ̀. Bàtà gogoro, òfin ò gbà á lórí Acropolis. Petra ní Jọ́dánì sì rèé, láti ẹnu ọ̀nà títí dé ojú ilé tí wọ́n ń pè ní Treasury tó nǹkan bíi kìlómítà méjì, àtẹ̀gùn tó sì gòkè lọ sí Monastery tó 800. Ẹ má wọ bàtà tuntun.

Báàgì ní ìwọ̀n. Ní Pompeii, kò gbọ́dọ̀ ju 30 × 30 × 15 sẹ̀ǹtímítà lọ. Ní Machu Picchu, 40 × 35 × 20 ni. Colosseum kò gba àpótí ìrìn àjò, kò sì síbi tí ẹ lè fi í pamọ́ sí níbẹ̀, ẹni tó bá tibi ọkọ̀ ojú irin bọ̀ kó kọ́kọ́ gbé e sí ibùdókọ̀. Ìgò onígíláàsì ò wọlé. Ẹ mú omi lítà kan sí lítà kan àtààbọ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan nígbà ooru, fìlà, páwà báǹkì, àti ìwé ìdánimọ̀. Ẹ fi tíkẹ́ẹ̀tì pamọ́ sórí fóònù bí àwòrán, kí ẹ tún tẹ̀ ẹ́ sórí pépà, torí íńtánẹ́ẹ̀tì kì í dára lẹ́nu ọ̀nà tí èrò pọ̀ sí. Kẹ̀kẹ́ ọmọdé kò wúlò lórí òkúta, aṣọ tí wọ́n fi ń pọnmọ ló dáa.

Fún ibi ìjọsìn, aṣọ gbọ́dọ̀ bo èjìká àti orúnkún, ó rí bẹ́ẹ̀ ní Vatican, ó sì rí bẹ́ẹ̀ ní Angkor Wat ní Cambodia. Ẹni tó ń lọ sí Machu Picchu gbọ́dọ̀ mọ̀ pé Cusco, ìlú tí ọ̀pọ̀ ń kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ sí, ga tó 3,400 mítà, ó ga ju Machu Picchu fúnra rẹ̀ lọ ní nǹkan bíi kìlómítà kan. Ẹ fún ara yín ní ọjọ́ kan tàbí méjì láti sinmi kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn gan-an.

7. Ní ọjọ́ náà

Ẹ dé ibi ìpàdé nígbà tó bá ku ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ibi ìpàdé kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ ẹnu ọ̀nà gan-an. Pompeii ní ẹnu ọ̀nà mẹ́ta, Porta Marina, Piazza Esedra àti Piazza Anfiteatro, ìkẹta sì wà ní ìhà kejì ìlú náà pátápátá. Ọkọ̀ ojú irin Circumvesuviana ń dúró ní Pompei Scavi, nítòsí Porta Marina; ibùdó míì tó ń jẹ́ Pompei lásán wà nínú ìlú ìgbàlódé, ó sún mọ́ Anfiteatro. Ẹni tó bá sọ̀ síbi tí kò yẹ lè rin ogún ìṣẹ́jú nínú oòrùn.

Ẹ yà sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kí ẹ tó wọlé. Ní Machu Picchu, ìta ẹnu ọ̀nà nìkan ló wà.

Ẹ dúró nítòsí amọ̀nà. Ẹ wo ohun tó ń tọ́ka sí nígbà tó ń sọ̀rọ̀, kí ẹ ya fọ́tò lẹ́yìn tó bá parí. Ìbéèrè tó ń so èso jù ni èyí: èwo nínú ohun tí a ń wò yìí ló wà láti ìbẹ̀rẹ̀, èwo ni wọ́n tún ṣe? Nínú Parthenon, tẹ́ńpìlì ńlá orí Acropolis, mábù tuntun tí wọ́n fi dí ibi tó ti ṣẹ́ mọ́ ju ti àtijọ́ lọ, tí ẹ bá ti mọ̀ ọ́n, ojú yín á máa yà á sọ́tọ̀. Ní ààfin àtijọ́ Knossos lórí erékùṣù Kírétè, kọnkéré ni awalẹ̀pìtàn Arthur Evans fi tún ọ̀pọ̀ òpó àti yàrá mọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ogún, èrò rẹ̀ nípa bí ààfin náà ṣe rí ló wà lójú yín níbẹ̀. Ní Stonehenge, wọ́n na òkúta kan tó ti tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan sókè ní ọdún 1901, wọ́n sì tún gbé àwọn tó ti ṣubú dúró ní 1958. Amọ̀nà gidi máa ń yọ̀ sí ìbéèrè yìí.

Ẹ má fọwọ́ kan àwòrán ara ògiri. Ọ̀rá àti òógùn ọwọ́ máa ń mú kí àwọ̀ rẹ̀ bó. Ẹ má sì mú òkúta kékeré kan kúrò nílẹ̀, bó ti wù kó kéré tó. Ní Túrkì, ó lè di ẹjọ́ ní pápákọ̀ òfuurufú, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ní ìwé ìgbélùú ni ẹjọ́ ọ̀daràn lè ṣàkóbá fún jù.

8. Bí nǹkan bá yíwọ́

Bí ẹ bá pẹ́, ẹ pe nọ́ńbà tí wọ́n fún yín kí wákàtí tó pé. Ọ̀wọ́ tó bá ti kọjá ibi àyẹ̀wò kì í sábà ṣeé lé bá, àmọ́ ilé iṣẹ́ kan lè dà yín pọ̀ mọ́ ọ̀wọ́ tó ń bọ̀ bí tíkẹ́ẹ̀tì bá gbà bẹ́ẹ̀.

Bí amọ̀nà kò bá wá, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ pè, ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, ẹ sì ya fọ́tò ibi ìpàdé kí wákàtí lè hàn. Ẹ kọ ìwé ẹ̀hónú lọ́jọ́ náà gan-an. Bí ilé iṣẹ́ náà bá kọ̀ láti dá owó padà, ẹ kàn sí báǹkì tó ni káàdì yín, ẹ fi ẹ̀rí yẹn hàn.

Ní Ítálì, wọ́n máa ń kéde ìdaṣẹ́sílẹ̀ ọkọ̀ ojú irin ṣáájú. Ẹ wò ó nígbà tó bá ku ọjọ́ méjì. Bí ibi ìṣẹ̀ǹbáyé fúnra rẹ̀ bá tì nítorí ooru tàbí ìdaṣẹ́sílẹ̀, àlejò á gba owó rẹ̀, á sì máa lọ. Ẹ̀yin ní tiyín, ẹ béèrè fún ọjọ́ míì.

9. Lẹ́yìn tí amọ̀nà bá lọ

Ọ̀pọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì kò parí nígbà tí amọ̀nà bá dágbére. Ní Pompeii, ẹ lè dúró títí wọ́n fi máa tì. Ẹ ṣe àmì sórí máàpù níbi tí amọ̀nà yára kọjá, kí ẹ padà síbẹ̀ fúnra yín. Ní Angkor, káàdì ọlọ́jọ́ mẹ́ta ṣeé lò láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, ti ọlọ́jọ́ méje láàárín oṣù kan, nítorí náà, ọjọ́ kìíní pẹ̀lú amọ̀nà, ọjọ́ yòókù láyè ara yín.

Ohun tí wọ́n hú jáde kì í sábà wà níbi tí wọ́n ti hú u. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn àwòrán ògiri àti ohun ọ̀ṣọ́ ilẹ̀ Pompeii wà ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Naples, tó máa ń tì ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun; ẹ fi í sí ọjọ́ kejì, kì í ṣe ọjọ́ kan náà, ẹsẹ̀ á ti rẹ̀ yín. Àwọn ère Parthenon pín sí ilé Acropolis Museum ní Áténì, tí tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ yàtọ̀ sí ti orí àpáta, àti British Museum ní London, tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́. Ẹni tó ń gbé ní London lè lọ wo ìyẹn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, nígbà tí wọ́n máa ń pẹ́ kí wọ́n tó tì, kó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì Áténì rárá.